Ìgbẹ́ Dúdú Kì Í Ṣe Ohun Ìtìjú: Ẹ Má Ṣe Dákẹ́



Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ nídìí oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà tí ẹ ó kà á. Ṣùgbọ́n ìtìjú tí ó yí ọ̀rọ̀ yìí ká ti sọ ọ̀pọ̀ ìyàwó di opó, ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ di aláìníbaba. Nítorí náà, mo rò pé ó tó àkókò kí a ṣí i payá.

Ní àgbàlá kan ní Àìlégún, níbi tí ìdílé mẹ́fà ti ń lo ilé ìgbẹ́ kan ṣoṣo, mo mọ ọkùnrin kan tí ó ń fi iṣẹ́ bíríkìlà bọ́ ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta. Ẹ̀yìn a máa ro ó nítorí bíríkì tí ó ń rù. Ní alaalẹ́, yóò ra oògùn ara ríro oríṣi méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n pò pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré, yóò sì fi àgbo ọ̀pá ẹ̀yìn tí wọ́n rẹ sínú ọtí lé e. Ní ọjọ́ Ajé kan, ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú, ó sì ń lẹ̀ bí ọ̀dà títì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ níbi iṣẹ́; ó ní oòrùn ni. Ní òru ọjọ́ Rú, ó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ́, ó sì bì ẹ̀jẹ̀.

Àwọn ará ilé sáré jáde. Ẹnìkan ní májèlé ni ó jẹ, wọ́n sì rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Ẹlòmíràn ní iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tá ni, wọ́n sì ránṣẹ́ pe àwọn aládùúrà. Ìgbà tí wọn yóò fi rí ọkọ̀, ilẹ̀ ti ń mọ́. Ọkùnrin náà kò dé ilé ìwòsàn láàyè. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyàwó rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò lè gbàgbé. Ó ní: “Mo rí omi dúdú náà nínú ilé ìgbẹ́ láti ọjọ́ Ajé. Mo rò pé ti ẹlòmíràn ni.”

N kò dá obìnrin yìí lẹ́bi. Ta ni ó kọ́ ọ pé kí ó béèrè? Èrò tèmi ni pé kì í ṣe májèlé, kì í sì í ṣe ọ̀tá, ni ó pa ọkùnrin náà. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń dà nínú ikùn rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ìdákẹ́jẹ́ sì ni ó jẹ́ kí ó dà tán. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dà lójú ọgbẹ́ ẹsẹ̀, gbogbo ènìyàn ni yóò rí i tí wọn yóò pariwo. Èyí tí ó ń dà nínú kò ní ariwo. Ìgbẹ́ dúdú ni ohùn kan ṣoṣo tí ó sábà máa ń ní.

KÍ NI ÌGBẸ́ DÚDÚ Ń SỌ FÚN WA?

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà ní ọ̀nà ọ̀fun, ní inú ikùn, tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré, ohun méjì ni ó lè ṣẹlẹ̀. Ó lè gba òkè jáde, ó sì lè gba ìsàlẹ̀. Èyí tí ó bá gba òkè jáde yóò di èébì. Bí ó bá pupa, tí ẹ̀jẹ̀ dídì sì wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tí kò ní mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti pẹ́ díẹ̀ nínú ikùn, omi kíkan tí ń bẹ níbẹ̀ yóò ti sọ ọ́ di dúdú, yóò sì rí bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò rò pé oúnjẹ tí kò dà ni.

Èyí tí ó bá gba ìsàlẹ̀ ní ìrìn gígùn láti rìn nínú ìfun. Kí ó tó jáde, ó ti dà bí oúnjẹ ṣe ń dà. Kì í pupa mọ́. Yóò dúdú, yóò máa dán, yóò lẹ̀ mọ́ àwo ilé ìgbẹ́, òórùn rẹ̀ yóò sì yàtọ̀ gédégédé sí ti àtẹ̀yìnwá. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ju bí ife kékeré kan lọ ti tó láti sọ ìgbẹ́ di dúdú báyìí. Nítorí náà, ẹni tí ó tètè rí i, tí ó sì tètè sọ, ṣì ní àkókò lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìyàtọ̀ díẹ̀, kí ẹ̀rù má baà ba ẹni tí kò yẹ kí ẹ̀rù bà. Oògùn tí wọ́n ń fún àwọn aboyún kí ẹ̀jẹ̀ wọn lè pọ̀ a máa sọ ìgbẹ́ di dúdú, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń le, kì í sì í lẹ̀ bí ọ̀dà. Ẹni tí ó bá gbé ẹ̀jẹ̀ imú mì náà lè rí ìgbẹ́ dúdú. Ẹ̀jẹ̀ pupa díẹ̀ tí ó ń kán lẹ́yìn ìgbẹ́ líle sábà máa ń wá láti ẹnu ihò ìdí, bí àpẹẹrẹ láti ara jẹ̀díjẹ̀dí. Síbẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ pupa bá ń tú jáde nídìí, tí òòyì sì ń kọ́ ẹni náà, ó lè jẹ́ pé inú ikùn lókè ni ó ti ń dà, tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò ráyè dúdú. Bí ó bá rú yín lójú, ẹ má ṣe fi ara yín ṣe adájọ́. Ẹ lọ béèrè lọ́dọ̀ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́.

Ara àgbàlagbà kan ní ẹ̀jẹ̀ bíi lítà márùn-ún. Bí èyí tí ó ń sọnù bá ti ń pọ̀, ara yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì hàn. Òòyì yóò máa kọ́ni bí a bá dìde dúró. Àyà yóò máa lù kìkì. Bí a bá kà á nígbà tí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́, yóò ju ọgọ́rùn-ún lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Òógùn tútù yóò bo ara. Àtẹ́lẹwọ́ àti inú ìpéǹpéjú yóò funfun. Òùngbẹ yóò máa gbẹni, ìtọ̀ yóò sì dínkù. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń dàrú lẹ́nu ẹni náà, ewu ti dé ojú ọ̀nà.

IBO NI Ẹ̀JẸ̀ NÁÀ TI Ń WÁ?

Ọgbẹ́ inú, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí ulcer, ni a sábà máa ń bá nídìí rẹ̀. Ní Àìlégún, ní Ìsọlọ̀ àti ní Òṣòdì, bí mo bá béèrè ohun tí ń fa ọgbẹ́ inú, ìdáhùn kan náà ni mo máa ń gbọ́: “Ebi ni. Ata ni.” Lóòótọ́, ebi àti ata lè jẹ́ kí ọgbẹ́ tí ó ti wà níbẹ̀ máa ta. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ni wọ́n ń dá a sílẹ̀. Ní ìlú Perth ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ní ọdún 1982, àwọn dókítà méjì, Robin Warren àti Barry Marshall, rí kòkòrò àìfojúrí kan tí ó ń gbé inú ikùn. Orúkọ rẹ̀ ni Helicobacter pylori. Nígbà tí àwọn ènìyàn kò gbà wọ́n gbọ́, Marshall fúnra rẹ̀ gbé omi tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀ mu ní ọdún 1984, inú rẹ̀ sì wú, ó sì ń bì. Ní ọdún 2005, wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel. Nítorí iṣẹ́ wọn, ọgbẹ́ inú tí kòkòrò yìí fà ti di ohun tí a lè wò sàn. Oògùn tí ń pa kòkòrò àti èyí tí ń dín omi kíkan inú ikùn kù ni dókítà máa ń pa láṣẹ pọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ni a sì sábà máa ń lò wọ́n. Ẹni tí ó ti ń gbé ọgbẹ́ inú kiri fún ọdún mẹ́wàá, tí ó ń fi omi magnesia pa á lẹ́nu mọ́, kò tíì tọ́jú ara rẹ̀.

Èkejì ni oògùn ara ríro. Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù lọ. Aspirin, ibuprofen, diclofenac àti piroxicam wúlò bí a bá lò wọ́n bí ó ti tọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pa ìrora náà ni wọ́n ń gbà ṣí aṣọ tí Ọlọ́run fi bo inú ikùn, èyí tí kì í jẹ́ kí omi kíkan jẹ ẹran ara wa. Ìyẹ̀fun Alabukun tí Olóògbé Jacob Odulate bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1918, tí kò sí ilé tí a kò ti mọ̀ ọ́n, aspirin ni ó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú kaféènì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀. Nítorí náà ni wọ́n fi ń lò ó pọ̀ mọ́ ibuprofen, wọ́n rò pé oògùn méjì tí kò bára tan ni. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹni tí ó bá pò wọ́n pọ̀, tí ó sì fi ọtí lé e ní òfìfo inú, ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kòtò sínú ikùn ara rẹ̀. Ewu náà pọ̀ sí i fún ẹni tí ó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún àti ẹni tí ó ti ní ọgbẹ́ inú rí. Paracetamol kì í ṣe ikùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà kò yẹ kó kọjá ìwọ̀n, nítorí ẹ̀dọ̀. Ẹni tí dókítà sì fún ní aspirin nítorí àrùn ọkàn kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Kí ó lọ béèrè.

Ẹ̀kẹta ni àrùn ẹ̀dọ̀. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti gbó nítorí àrùn mẹ́dọ̀wú tàbí nítorí ọtí àmujù, ẹ̀jẹ̀ kì í rí ọ̀nà gba inú rẹ̀ kọjá mọ́. Yóò wá ọ̀nà mìíràn, àwọn iṣan inú ọ̀nà ọ̀fun yóò sì wú. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ a máa tú jáde lẹ́nu bí omi ẹ̀rọ. Àyẹ̀wò tí ìjọba àpapọ̀ ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè yìí ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 64, bíi mẹ́jọ ni ó ní kòkòrò hepatitis B lára. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀. Láti ọdún 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti wà lára èyí tí a ń fún àwọn ọmọ wa. Wákàtí 24 àkọ́kọ́ tí a bí ọmọ ni ó yẹ kí ó gba ti àkọ́kọ́. Àgbàlagbà tí kò bá tíì ní kòkòrò náà lè gba tirẹ̀.

BÍ Ó BÁ ṢẸLẸ̀, KÍ NI KÍ Á ṢE?

Èébì ẹ̀jẹ̀ tàbí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀la. Ọjọ́ náà gan-an ni ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Bí òòyì bá sì wà pẹ̀lú rẹ̀, wákàtí náà gan-an ni.

Ẹ má ṣe fi ohunkóhun sí i lẹ́nu: kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe mílíìkì, kì í ṣe àgbo, kì í ṣe oògùn ìrora, kódà kì í ṣe oúnjẹ. Ohun tí a bá rọ sí ẹnu ẹni tí ó ti rẹ̀ lè gba ọ̀nà èémí lọ, yóò sì ṣòro fún dókítà láti rí ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà. Ẹ dùbúlẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kí èébì má baà fún un pa. Ẹ fi aṣọ bò ó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dá lọ sí ilé ìgbẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń dákú. Ẹ má ṣe gbé e sórí ọ̀kadà. Kò ní lè di ara rẹ̀ mú. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ lè pe 767 tàbí 112, tàbí kí ẹ wá ọkọ̀ tí ó lè dùbúlẹ̀ sí. Ẹ kó gbogbo oògùn àti àgbo tí ó ti lò dání, bí ó tilẹ̀ jẹ́ inú ọ̀rá ni wọ́n wà, kí ẹ sì má fi ohunkóhun pamọ́ fún dókítà. Kì í ṣe ilé ẹjọ́ ni ẹ ń lọ.

Ẹni tí ó bá ń gbé ní Àìlégún kò jìnnà sí ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà ní Ìsọlọ̀. Níbẹ̀, wọn yóò kọ́kọ́ fi omi àti ẹ̀jẹ̀ dípò èyí tí ó ti sọnù. Bí ó bá gba ilé ìwòsàn ńlá, irú bíi LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà, wọn yóò gbé e lọ síbẹ̀. Dókítà yóò ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí iná àti kámẹ́rà kékeré wà lórí rẹ̀, gba ẹnu aláìsàn wọ inú ikùn. Yóò rí ojú ọgbẹ́ náà, yóò sì lè gba ibẹ̀ dá ẹ̀jẹ̀ dúró láìla inú.

OWÓ DÀ? Ẹ̀JẸ̀ DÀ?

Mo mọ ìbéèrè tí ẹ ó bi mí. Ẹ ó ní: “Owó dà?” N kò ní sọ pé ìbéèrè náà kò tọ́. Owó iṣẹ́ òòjọ́ ni ọ̀pọ̀ wa fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ó lọ ní ọjọ́ Ajé lè má nílò ju àyẹ̀wò àti oògùn lọ. Ẹni tí ó lọ ní òru ọjọ́ Rú nílò ẹ̀jẹ̀ àpò mẹ́rin, bẹ́ẹ̀dì àti ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìṣiṣẹ́, bí ó bá tilẹ̀ bá ọjọ́ náà láyé. Ìdákẹ́jẹ́ ni ó gbówó lórí jù. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Ẹ mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́ bí ó bá yẹ. Ẹ sì béèrè nípa ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ wa, Ìlera Èkó, nígbà tí ara ṣì le. Igi gànganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ti ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Kò sí ilé iṣẹ́ tí ń ṣe é. Ara ènìyàn nìkan ni a ti ń rí i. Mo ti rí ẹbí tí ó kún gbàgede ilé ìwòsàn, tí gbogbo wọn ń sunkún, ṣùgbọ́n tí olúkúlùkù ń wo ojú ẹnìkejì nígbà tí nọ́ọ̀sì béèrè ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí ó ti pé ọdún 18, tí kò sì fúyẹ́ ju kílò 50 lọ, lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Kì í pé ìdajì lítà tí wọ́n máa ń gbà. Ara yóò ṣe òmíràn dípò rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta fún ọkùnrin, tàbí oṣù mẹ́rin fún obìnrin, a tún lè fi sílẹ̀. Ẹkún kò lè dípò ẹ̀jẹ̀.

ỌRỌ̀ ÌKẸYÌN

Ẹ̀yin baálé ilé, ẹ má ṣe rò pé ipò yín kò jẹ́ kí ẹ lè sọ fún ìyàwó tàbí ọmọ yín pé ìgbẹ́ yín yí àwọ̀ padà. Ipò kì í ṣe oògùn. Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá rí omi dúdú nínú ilé ìgbẹ́ àgbàlá, ẹ má ṣe kàn da omi lé e kí ẹ sì máa lọ. Ẹ kan ilẹ̀kùn ìdílé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ béèrè pé: “Ta ni ara rẹ̀ kò yá?” Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ń ta oògùn, ẹ yé é po oògùn ara ríro pọ̀ sínú ọ̀rá fún àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ mọ orúkọ ohun tí ẹ ń tà, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ oníbàárà yín bóyá ọgbẹ́ inú ti ṣe é rí.

Ọkùnrin bíríkìlà náà ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ara rẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀, ilé ìgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn sì ń lò. Ẹnu kan ṣoṣo tí ó bá béèrè ìbá ti tó. Ẹ jẹ́ kí ẹnu náà jẹ́ tiyín ní àgbàlá tiyín.